Ìdíje Ìgòkè Kan Kò Tó Láti Fi Lé Kóòṣì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Báálẹ̀ níbí ní Òṣogbo ni mo ń gbé, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn fún ikọ̀ bọ́ọ̀lù kan nílùú wa. Ipò kejì la wà nígbà tí líìgì parí, a sì lọ gbá ìdíje ìgòkè, èyí tó ń pinnu ikọ̀ tó máa bọ́ sí líìgì tó ga sí i. Àwa la kọ́kọ́ gbá góòlù sáwọ̀n. Nígbà tó ku nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kóòṣì yọ agbábọ́ọ̀lù àárín wa tó mọ̀ ọ́n gbá jù. Wọ́n fi kọ́nà dá góòlù wa padà, wọ́n sì fi pẹnáritì borí wa. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti kọ̀wé sí alága pé kó lé kóòṣì kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Orúkọ mi nìkan ló kù. Lóòótọ́, wọ́n jẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù lówó oṣù mẹ́ta kí ìdíje náà tó wáyé, ṣùgbọ́n àwọn kan ní ìyẹn kì í ṣe àwáwí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má fọwọ́ sí i. Mo sọ ìyẹn ṣáájú kí o lè mọ ibi tí mo dúró sí kí o tó ka ìyókù.

Mo mọ̀ pé inú yín bàjẹ́. Ikọ̀ tó wà ní ipò kẹwàá láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà kì í pa ẹnikẹ́ni lẹ́kún. Èyí tó dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n wá dá padà ló máa ń gba oorun lójú ènìyàn. Ẹ ti tẹ̀lé àwọn ọmọ yìí nínú òjò àti nínú oòrùn, owó ọkọ̀ ara yín lẹ sì fi ń lọ. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ìwé yẹn ni mi ò fara mọ́, nítorí pé ó kó ìbéèrè méjì pọ̀, ó sì fún méjèèjì ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Ìkíní: ǹjẹ́ kóòṣì ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ náà? Ìkejì: ǹjẹ́ òun náà ló yẹ kó darí ikọ̀ yìí ní sáà tó ń bọ̀? Ènìyàn lè dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí méjèèjì kó má sì parọ́.

Líìgì gùn. Bí ikọ̀ bá dára tàbí tí kò dára, líìgì á fi hàn, nítorí pé oríire ọ̀sẹ̀ yìí àti òṣì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á ti pa ara wọn rẹ́ kó tó parí. Ìdíje ìgòkè kò ní àyè fún ìyẹn. Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ni, góòlù kì í pọ̀ nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, bọ́ọ̀lù kan tó ba èjìká adilémú tó sì yà lè sọ ẹni tó máa gòkè. Tó bá wá di pẹnáritì, ọ̀rọ̀ tún fẹ́jú sí i. Kódà láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù lágbàáyé, nínú pẹnáritì mẹ́rin, bíi mẹ́ta ló ń wọlé. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan á gbá márùn-ún. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ń jó àti ẹni tó ń sunkún kì í sábà ju bọ́ọ̀lù kan lọ. Tí ẹ bá fi bọ́ọ̀lù kan yẹn ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ gbogbo sáà, ohun tí ẹ ń fìyà jẹ kóòṣì fún lè má jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ rárá.

Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Sheffield United nílẹ̀ England lọ́dún 2025. Pọ́ìǹtì 90 ni wọ́n kó jọ nínú Championship, líìgì tó tẹ̀lé Premier League, ipò kẹta ni wọ́n sì parí sí. Lọ́jọ́ 24 oṣù Karùn-ún, wọ́n pàdé Sunderland nínú àṣekágbá ìdíje ìgòkè ní pápá Wembley, Sunderland tí pọ́ìǹtì tirẹ̀ jẹ́ 76. Sheffield ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Wọ́n tún gbá òmíràn wọlé, ṣùgbọ́n rẹfirí wo fídíò, ó sì fagi lé e. Sunderland dá ọ̀kan padà ní ìṣẹ́jú 76, wọ́n sì gbá èkejì wọlé lẹ́yìn tí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ti pé. Ó parí sí 2-1. Kò tó oṣù kan sí i tí kóòṣì wọn, Chris Wilder, fi kúrò. Rubén Sellés ni wọ́n gbà sípò rẹ̀. Ìdíje líìgì márùn-ún ni Sellés darí, márààrún ló pàdánù. Nígbà tó máa fi di àárín oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ti lé òun náà, wọ́n sì ti lọ bẹ Wilder pé kó máa padà bọ̀. Ẹgbẹ́ tó lówó bíi tiwọn lè ṣe irú àṣìṣe yẹn kó ṣì wà lórí ìdúró. Tiyín, tí kò rí owó oṣù mẹ́ta san, kò lè ṣe é.

Brentford gba ọ̀nà mìíràn. Fulham na àwọn náà ní 2-1 nínú àṣekágbá ìgòkè ti oṣù Kẹjọ ọdún 2020, lẹ́yìn àfikún àkókò. Wọ́n fi Thomas Frank sílẹ̀ sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún ọdún 2021, wọ́n ti padà sí Wembley, wọ́n na Swansea ní 2-0, wọ́n sì wọ Premier League. Leeds ṣe bákan náà pẹ̀lú Marcelo Bielsa: Derby já wọn kúrò lọ́nà ní 2019, wọn kò lé e, ní 2020 wọ́n gba ife líìgì náà wọ́n sì gòkè láìgbá ìdíje ìgòkè kankan.

O lè sọ pé èyí tó bá wù mí ni mò ń ṣà. Ó dára kí o bi mí bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan láti Netherlands, Bas ter Weel, yẹ líìgì tó ga jù lórílẹ̀-èdè rẹ̀ wò láti 1986 sí 2004. Ó kó àwọn ẹgbẹ́ tó lé kóòṣì nígbà tí nǹkan bàjẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kó àwọn tí nǹkan bàjẹ́ fún bákan náà àmọ́ tí wọn kò lé tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn méjèèjì ló gbérí padà, ìgbérí wọn kò sì fẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ìgbà tí nǹkan ti burú tán la máa ń lé kóòṣì, ìgbà náà gan-an ni nǹkan sì ti fẹ́ yí padà fúnra rẹ̀. Ẹni tó mu àgbo lọ́jọ́ tí ibà fẹ́ lọ á máa yin àgbo kiri àdúgbò.

Ṣùgbọ́n kí la ń wá lọ sílẹ̀ òyìnbó? Super Eagles wà níwájú ilé wa.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, àjọ NFF tó ń darí bọ́ọ̀lù Nàìjíríà lé kóòṣì Gernot Rohr, ẹni tó ti mú wa dé ìpele tó kẹ́yìn nínú ìdíje láti lọ sí ìdíje àgbáyé ọdún 2022 ní Qatar. Wọ́n fa iṣẹ́ lé Augustine Eguavoen lọ́wọ́. Òun àti Gánà gbá ọ̀mì 0-0 ní Kumasi, wọ́n tún gbá ọ̀mì 1-1 l'Ábùjá lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2022, góòlù tí Gánà gbá nílé wa ló gbé wọn lọ sí Qatar. Ìwọ náà rántí bí àwọn ènìyàn ṣe ya wọ inú pápá lọ́jọ́ náà. Eguavoen kúrò. José Peseiro dé. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje láti lọ sí ti ọdún 2026, Peseiro gbá ọ̀mì pẹ̀lú Lesotho àti Zimbabwe. Òun náà lọ. Finidi George dé, ó gbá ọ̀mì pẹ̀lú South Africa, orílẹ̀-èdè Benin sì nà án ní 2-1, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ta ló ń darí Benin lọ́jọ́ yẹn? Gernot Rohr tí a lé.

Ìdíje mẹ́rin, pọ́ìǹtì mẹ́ta. Ibẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì wa ti jábọ́, ènìyàn púpọ̀ kò sì kà á sí nítorí pé ìgbà yẹn ṣì jìnnà sí ìparí. Éric Chelle dé ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ó bá ìdíje mẹ́fà nílẹ̀, ó kó pọ́ìǹtì 14 nínú 18. Àpapọ̀ tiwa di 17. South Africa parí sí 18, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti yọ mẹ́ta lára tiwọn nítorí agbábọ́ọ̀lù kan tí kò yẹ kó gbá. A wá lọ sí ìdíje àṣeyọrí-tàbí-ilé ní Morocco. Ọjọ́ méjì kí wọ́n tó gbá ti Gabon, àwọn ọmọ wa kọ̀ láti jáde ṣe ìgbáradì nítorí owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Wọ́n na Gabon ní 4-1 síbẹ̀. Lọ́jọ́ 16 oṣù Kọkànlá, DR Congo dá góòlù wa padà, Victor Osimhen farapa kò lè jáde fún ìdajì kejì, ó di 1-1, wọ́n sì fi pẹnáritì borí wa ní 4-3.

Ariwo pé kí Chelle lọ kò kéré, mo gbọ́ ọ ní Òṣogbo níbí. Wọn kò lé e. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ní AFCON, ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà, ó kù díẹ̀ kí ikọ̀ yìí dé àṣekágbá. Pẹnáritì ni Morocco fi dá wọn dúró nílé ara rẹ̀. Wọ́n sì na Egypt fún ipò kẹta, pẹnáritì náà ni. Àwọn ọmọ kan náà, kóòṣì kan náà, ní oṣù méjì péré: pẹnáritì mẹ́ta, wọ́n pàdánù méjì, wọ́n borí nínú ọ̀kan. Tí o bá ní kí n fi ìyẹn sọ bóyá kóòṣì mọṣẹ́ tàbí kò mọ̀ ọ́n, mi ò lè fi sọ ọ́.

Ibi tó dùn mí jù ni South Africa, tó gba ipò tí à ń wá. Ọdún 2021 ni Hugo Broos di kóòṣì wọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, Gánà fi pẹnáritì tí wọ́n ṣì ń jà lé lórí di òní nà wọ́n ní 1-0 ní Cape Coast. Pọ́ìǹtì wọn dọ́gba, ìyàtọ̀ góòlù wọn dọ́gba, kìkì pé Gánà gbá góòlù wọlé jù wọ́n lọ ló gbé Gánà kọjá. Ìbínú wo ló tún lè ju ìyẹn lọ? Wọn kò lé Broos. Ó gba ipò kẹta ní AFCON tó parí ní oṣù Kejì ọdún 2024, ó sì mú wọn lọ sí ìdíje àgbáyé ti 2026. Nínú ìdíje mẹ́wàá tí ó fi ṣe é, kóòṣì mẹ́ta ni àwa lò.

Ó tó, ẹ jẹ́ ká padà sí ti kóòṣì yín.

Yíyọ tó yọ agbábọ́ọ̀lù àárín yẹn ni gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí. Èmi náà fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ béèrè kọ́ ni ẹ ń béèrè. Ẹ lọ béèrè bóyá ọmọ náà ti gba káàdì yẹ́lò. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀yìn itan rẹ̀ ti ń fà á kó tó bọ́ sí pápá, nítorí pé agbábọ́ọ̀lù tó mọ̀ ọ́n gbá máa ń fi ìrora pamọ́ lọ́jọ́ ńlá, kóòṣì nìkan ló sì máa ń mọ̀. Ìbéèrè tó ṣe kókó jù ni èyí: ta ni ọmọ yẹn ń mú nígbà tí wọ́n bá gbá kọ́nà? Ní gbogbo ikọ̀ tó létò, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ń mú tàbí ibi tó ń ṣọ́ nígbà kọ́nà. Bí a bá yọ ènìyàn kúrò, iṣẹ́ kọ́nà rẹ̀ ń bá a jáde, ẹni tó wọlé ló sì gbọ́dọ̀ gbà á. Ìdí nìyẹn tí igbákejì kóòṣì fi máa ń di ọmọ tó fẹ́ wọlé mú ní ẹ̀gbẹ́ pápá, tó ń fi ìwé hàn án. Tí ẹni tó fi orí kan góòlù yẹn bá jẹ́ ẹni tí ọmọ tó jáde ń mú tẹ́lẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó sọ fún ọmọ tó wọlé, ẹ̀bi kóòṣì ni, mi ò sì ní gbè é. Tí wọ́n bá sọ fún un tó sì sùn lórí ìdúró, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Góòlù kan náà ni, ìdájọ́ rẹ̀ yàtọ̀.

Ti pẹnáritì náà ní ìbéèrè tirẹ̀. Oríire pọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ìmúrasílẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí ìdíje DR Congo pẹ̀lú wa fẹ́ parí, kóòṣì wọn yọ aṣọ́lé tó ti gbá a láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fi Timothy Fayulu wọlé nítorí pẹnáritì nìkan, Fayulu sì mú bọ́ọ̀lù wa. Ẹni tó ṣe ìyẹn ti rò ó kúrò nílé. Ṣé kóòṣì yín ní orúkọ àwọn tó máa gbá a nílẹ̀, àbí ó ń bẹ àwọn ọmọ láàárín pápá pé ta ló fẹ́ gbá? Ìwọ wà níbẹ̀. O rí i.

Nísinsìnyí, owó oṣù mẹ́ta. Àwọn tó sọ fún ọ pé kì í ṣe àwáwí kò tíì bá agbábọ́ọ̀lù líìgì ìsàlẹ̀ gbé rí. Ọmọ tí wọn kò sanwó fún á wá nǹkan mìíràn ṣe. Á gun ọ̀kadà láàárín Ọláìyá sí Òkè-Fìà láti àárọ̀, á ru bíríkì, á wá ṣe ìgbáradì nírọ̀lẹ́. Ohun tí ó rí jẹ kò tó ohun tí ara rẹ̀ ń lò. Ìdajì kìíní kì í fi èyí hàn. Láti bí ìṣẹ́jú 65 lọ ni ẹsẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, tí ẹni tó yẹ kó fò sókè bá alátakò rẹ̀ á pẹ́ díẹ̀ kó tó kúrò nílẹ̀. Ìgbà wo ni kóòṣì yín yọ ọmọ yẹn? Ìgbà wo ni wọ́n fi kọ́nà dá góòlù padà? Mi ò sọ pé ebi ló fà á. Mo ní ẹni tó fẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìwé tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ béèrè.

Kóòṣì kọ́ ló ń sanwó. Ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ òun náà. Ìwé yín lọ bá alága. Ǹjẹ́ ó bi alága ní ohunkóhun? Mo ti rí i láìmọye ìgbà nínú bọ́ọ̀lù wa pé bí àwọn olólùfẹ́ ikọ̀ bá ti ń pariwo pé kóòṣì ni, inú àwọn tó jẹ gbèsè máa ń dùn. Wọ́n á lé e lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á gba ìyìn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gbèsè àwọn ọmọ á sì wà níbi tó wà. Kóòṣì tuntun á dé pẹ̀lú agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀ méje tàbí mẹ́jọ, àwọn ọmọ Òṣogbo tí ẹ ti mọ̀ láti kékeré á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ẹ̀yin náà á tún máa wá ìwé tí ẹ máa fọwọ́ sí.

Mi ò sọ pé kò sí kóòṣì tó yẹ ní lílé. Tó bá ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ kó tó fi wọ́n sínú ikọ̀, kí ó lọ lónìí, kódà kó jẹ́ pé ẹ gòkè. Tí ikọ̀ bá ti ń bàjẹ́ láti ìdajì sáà, tó jẹ́ pé pọ́ìǹtì ìbẹ̀rẹ̀ ló gbé yín dé ipò kejì, ìdíje ìgòkè kàn fi ohun tó ti wà nílẹ̀ hàn ni. Tí àwọn ọmọ kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ nínú yàrá ìmúra, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè dá ìyẹn padà. Mi ò sì ní fi ti Côte d'Ivoire pamọ́ fún ọ. Ní AFCON tí wọ́n gbàlejò rẹ̀, a nà wọ́n ní 1-0, Equatorial Guinea wá nà wọ́n ní 4-0 nílé ara wọn, Jean-Louis Gasset sì lọ. Emerse Faé gba ikọ̀ náà láàárín ìdíje, ó na àwa gan-an ní 2-1 nínú àṣekágbá lọ́jọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024. Ìyípadà ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n igbákejì Gasset ni Faé, inú ilé ló wà, ó mọ àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó yàn án sì mọ ẹni tí wọ́n ń yàn. Ìwé yín kò dárúkọ ẹni tó máa rọ́pò. Ìyẹn nìkan tó láti dá a padà.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ni pé kí o kọ ìwé mìíràn. Kọ ọ́ sí alága àti ìgbìmọ̀ rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó àwọn ọmọ: ọjọ́ wo ni wọ́n máa san án, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí kóòṣì wá jókòó níwájú ìgbìmọ̀ àti aṣojú ẹ̀yin alátìlẹ́yìn, kí ó ṣàlàyé sáà náà látòkèdélẹ̀, ti ọmọ tó yọ, ti kọ́nà, ti àwọn tó gbá pẹnáritì. Fetí sí bí ó ṣe ń dáhùn. Ẹni tó bá sọ pé "ibí yìí ni mo ti kùnà, ohun tí mo máa yí padà nìyí" ṣeé bá ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá di ẹ̀bi ru rẹfirí àti àwọn ọmọ nìkan, òun fúnra rẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè kejì fún yín, nígbà náà mo lè bá yín fọwọ́ sí i. Tí ó bá dúró, kí ìgbìmọ̀ sọ fún un ní kedere ibi tí ikọ̀ gbọ́dọ̀ wà nígbà tí sáà tó ń bọ̀ bá dé àárín, kí wọ́n má sì fi agbábọ́ọ̀lù kankan lé e lọ́wọ́ tí kò béèrè fún. Kí wọ́n ka àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n mọ iye tí wọ́n máa jẹ ẹ́ bí wọ́n bá lé e lónìí.

Àwọn kan á pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀ nítorí èyí. Fi ìwé tuntun náà hàn wọ́n kí wọ́n tó fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Tó bá ti lọ kí o tó rí èsì mi, lọ bá alága fúnra rẹ, kí o bẹ̀ ẹ́ pé kó pe kóòṣì wá sọ tẹnu rẹ̀ ṣáájú kó tó pinnu ohunkóhun.